Iná Pupa Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Ọjọ́ Mẹ́ta Wa ní Wágà

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú wa rí ní Ouagadougou kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe ọjà. Alùpùpù ni. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ibẹ̀ kì í pe orúkọ ìlú náà tán. Wágà ni wọ́n ń pè é. Ní Wágà, bí iná ojú ọ̀nà bá mú pupa, kí ẹ tó ka ení dé ẹ̀wá, alùpùpù á ti yí ọkọ̀ yín ká bí oyin ṣe ń yí afárá ká. Ìyá àgbà ń gun tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń gun tirẹ̀, obìnrin tó pọnmọ ń gùn, ọkùnrin tó so àgùntàn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà ń gùn. Àwọn títì ńlá kan tiẹ̀ wà tí wọ́n la ọ̀nà ọ̀tọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn. Àwọn ìbejì wa bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti ẹnu ibodè ìlú. Nígbà tí wọ́n ka ọgọ́rùn-ún méjì, ó sú wọn.

Ọdún 2013 ni a lọ, ní ọ̀sẹ̀ FESPACO, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà tó ti wà láti ọdún 1969, tí wọ́n sì máa ń ṣe ní ọdún méjì-méjì. A gbéra láti Lomé níbi tí à ń gbé, a gba Atakpamé, Sokodé àti Kara, a sùn ní Dapaong, a kọjá ẹnu ibodè ní Cinkassé, a sì gba Koupéla wọ Wágà. Ó lé ní 900 kìlómítà. Ọkọ̀ wa, ọmọ Jàpáànù tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996, ni a gbé lọ. Tòkunbọ̀ ni, èbúté Lomé ni a ti rà á. Ní Wágà, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀: “France au revoir” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ọjà náà ti dágbére fún ilẹ̀ Faransé. Ọ̀tọ̀mátíìkì ni ọkọ̀ wa, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó wà lára ohun tó fẹ́ kó wa sí gbèsè.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ìbejì ni a dé sí. Màmá Wágà ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n. Ilẹ̀ Gánà ni àwọn òbí ọkọ wọn ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní November 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló di ẹrù tí wọ́n sì padà sílé. Àwọn tiwọn kò padà. Àríwá ni wọ́n kọrí sí, wọ́n wọ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Haute-Volta nígbà náà. Ọjọ́ 4 August 1984 ni Thomas Sankara yí orúkọ yẹn padà sí Burkina Faso. Ó mú Burkina láti inú èdè Mooré, ó mú Faso láti inú èdè Dioula, kí ó lè túmọ̀ sí ilẹ̀ àwọn olódodo. Sankara yìí kan náà ló ta àwọn Mercedes ìjọba, tó ní kí àwọn mínísítà máa gun Renault 5. Nígbà tí Màmá Wágà rí ọkọ̀ wa tí eruku ọ̀nà ti bò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ má tijú. Ìlú tí mínísítà ti gun ọkọ̀ kékeré rí, ta ló máa fi ọkọ̀ àgbà yín ṣe yẹ̀yẹ́?”

Ọjọ́bọ̀ tó kún fún ariwo

Ní Ọjọ́bọ̀, a wo fíìmù ní ọ̀sán, a sì yà ra epo lẹ́yìn náà. Nígbà tí a fẹ́ kúrò ní ilé epo, bàbá àwọn ìbejì fa jíà láti P sí D kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Jíà náà lọ wẹ́rẹ́. Ìyá àwọn ìbejì ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé kì í há tẹ́lẹ̀ ni, bí ẹ kò bá tíì tẹ bíréèkì?” Èsì tó gbà ni pé, “Bóyá ó ti rọ̀ ni.” A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí a súnmọ́ Rond-point des Nations Unies, níbi tí wọ́n gbé àwòrán ayé róbótó sí láàrin oríta, ọkọ̀ iwájú dúró lójijì. A tẹ bíréèkì. A gbọ́ “gbì!” lẹ́yìn. Obìnrin kan ló fi táyà iwájú alùpùpù rẹ̀ gbá bọ́ńpà wa. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gún ilẹ̀, kò ṣubú, ṣùgbọ́n ọmọ tó pọ̀n ta jí, ó sì bú sẹ́kún.

A ní láti sọ òótọ́ níhìn-ín. Bọ́ńpà ni a kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn tí a rí i pé kò fọ́ ni a tó wo ọmọ. A sì fi Faransé tó gbóná bá obìnrin náà wí: ṣé kò rí iná ni, ṣé kò rí i pé a tẹ bíréèkì? Ó ń fọwọ́ gbá ọmọ rẹ̀ nídìí, ó ní, “Pardon, pardon,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí a fi délé ni à ń sọ ọ́ pé àwọn alálùpùpù Wágà kì í wo iwájú.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni a pa ọkọ̀ sínú ọgbà Màmá. Iwájú rẹ̀ kọjú sí ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ọlọ́dẹ ń jókòó sí.

Ọkọ̀ tó kọ̀ láti gbéra

Àárọ̀ Jímọ̀ ni Màmá Wágà ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé àwọn máa mú wọn lọ sí ààfin Moro Naba, ọba àwọn Mossi. Moro Naba Baongo II ló wà lórí oyè láti ọdún 1982. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni ọba máa ń jáde pẹ̀lú aṣọ pupa bí ẹni tó ń lọ sógun, wọ́n á ti di ẹṣin rẹ̀ ní gàárì. Àwọn ìjòyè á wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, á sì padà wọlé. Nígbà tó bá tún jáde, aṣọ funfun ló máa wọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò ya fọ́tò.

Aago méje kò tíì lù tí a ti wọ ọkọ̀. A yí kọ́kọ́rọ́: kò sí ohùn. Kò sí iná kankan níwájú. A fa jíà kí a lè ti ọkọ̀ náà jáde: ó há sí P pátápátá. A tẹ bíréèkì, a tún fà á: kò mira. Kẹ́yìndé wò ó, ó ní, “Màmá, ọkọ̀ náà ti di gàárì, ó sì ti padà wọlé.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìwé ní Lomé. Bí a kò bá gbéra láàárọ̀ Àbámẹ́ta, a kò ní bá a.

Ẹnìkan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ládùúgbò kọ́kọ́ dé. Ó mi jíà, ó fetí sí i, ó mi orí. Ó ní inú jíà ló ti bàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 150,000 sẹ́fà. A kò sọ pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù ní ìlú náà, bóyá ni irú tiwa ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ̀rù bà wá débi pé ọwọ́ ti ń lọ sápò. Màmá Wágà ló dá wa dúró. Wọ́n ní, “Bàbá Ìbejì, ẹnìkan kì í yọ eyín kó tó la ẹnu wò. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe Le Vieux.”

Ìbéèrè Le Vieux

Le Vieux jẹ́ ọkùnrin Mossi tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mẹ́káníìkì tó ń ra ọjà lọ́wọ́ Màmá láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gun alùpùpù rẹ̀ dé, àpótí irinṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá kí i ní Mooré, “Ne y yibeogo,” ó sì dáhùn, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọ̀nà. Ìgbà tí ìkíni parí ló tó wo ọkọ̀.

Kò fọwọ́ kan jíà rárá. Ó béèrè pé, “Nígbà tí ẹ pa ọkọ̀ lálẹ́ àná, kí ni iná ẹ̀yìn ń ṣe?” A wo ara wa. Ta ló ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti pa? Ọlọ́dẹ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, Màmá sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa: “Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ àlejò tàn títí di ìdájí. Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tàn án kí olè má bàa súnmọ́ ọn ni.”

Le Vieux mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ tán. Ó dá takisí kan dúró, ó mú wáyà méjì láti bátìrì takisí náà wá sí tiwa. Bí wáyà kejì ṣe kan orí bátìrì, ẹ̀yìn ọkọ̀ wa pọ́n yòò. Iná bíréèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkankan nínú ọkọ̀, kò sí ẹsẹ̀ kankan lórí bíréèkì.

A yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ gbà. A fa jíà, ó lọ wẹ́rẹ́. Nígbà náà ni Le Vieux dùbúlẹ̀, ó ki orí sábẹ́ pẹ́dà bíréèkì, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dìde, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí wa. Wóro-wóro kan tó ti gbẹ, tó sì ti rún, ló wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti bisikíìtì. Kẹ́yìndé ní, “Mo ti rí i lórí kápẹ́ẹ̀tì lánàá! Mo rò pé bisikíìtì Táyé ni.”

Ohun tí rọ́bà kékeré ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ bí Le Vieux ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Lókè pẹ́dà bíréèkì, súwíìṣì kékeré kan wà tó ní ìka kan tó yọ síta. Rọ́bà kékeré kan tí wọ́n kì bọ ihò lára irin pẹ́dà ló máa ń tẹ ìka yẹn wọlé nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí bíréèkì. Nígbà yẹn, iná ẹ̀yìn á kú. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, rọ́bà á kúrò lójú ìka, ìka á yọ jáde, iná pupa á tàn. Nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà, ooru àti ọjọ́ orí á mú kí rọ́bà náà gbẹ kó sì rún. Nígbà tó bá ti jábọ́, ìka súwíìṣì á gba inú ihò yẹn yọ, kò sí ohun tó máa tì í padà mọ́. Iná bíréèkì á máa tàn tọ̀sán-tòru, bí ẹ tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ẹ wá bá wa ṣírò. Gílóòbù bíréèkì kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 21. Mẹ́ta jẹ́ wáàtì 63. Lórí bátìrì oní-fóòtì 12, ìyẹn jẹ́ áńpíà márùn-ún àti díẹ̀. 45 ni wọ́n kọ sí ara bátìrì wa, ìyẹn ni pé ó lè gbé áńpíà márùn-ún fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago méje àárọ̀, wákàtí mẹ́wàá ni.

Kí ló wá kan jíà? Súwíìṣì yẹn kan náà ló ń ṣí jíà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì, irin kékeré kan wà tó ń ti jíà pa sí P, kí ọmọdé tàbí ẹni tó bá fọwọ́ gbá a má bàa mú ọkọ̀ lọ. Nígbà tí iná ọkọ̀ bá wà ní títàn tí ẹsẹ̀ sì tẹ bíréèkì, súwíìṣì á ránṣẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì á fa irin náà kúrò. Ní ilé epo, súwíìṣì wa ti ń parọ́ pé ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí jíà fi lọ wẹ́rẹ́. Ní àárọ̀ Jímọ̀, bátìrì ti kú, mágínẹ́ẹ̀tì kò rí iná fa irin. Ìdí nìyẹn tí jíà fi há. Inú jíà kò ṣe nǹkankan. Ìyá àwọn ìbejì ti rí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, a kò dá a lóhùn dáadáa ni.

Le Vieux ki bóòtù kékeré kan bọ ihò náà, ó fi nọ́ọ̀tì dè é, orí bóòtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ rọ́bà. Iná ẹ̀yìn kú. 2,000 sẹ́fà ló gbà, ó sì kìlọ̀ pé kí a ra rọ́bà gidi tí a bá dé Lomé.

Bí tiyín bá há

Bí jíà bá há sí P, ẹ má kọ́kọ́ pe ẹni tó ń tú jíà. Ẹ ní kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ tẹ bíréèkì. Bí iná ẹ̀yìn kò bá tàn, tí bátìrì sì dára, ẹ wo fúùsì tí wọ́n kọ STOP sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun kan náà ló ń gbé iná lọ síbi jíà. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tó sì tún jó, wáyà kan ti bó níbìkan tàbí kí wọ́n ti fi gílóòbù tí kì í ṣe tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má fi fúùsì tó lágbára jù ú lọ sí i. Bí fúùsì bá dára, ẹ wo súwíìṣì orí pẹ́dà. Bí iná ẹ̀yìn bá ń tàn tó sì ń kú dáadáa tí jíà ṣì há, ẹ tẹ́tí sí ìdí jíà nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Bí ẹ kò bá gbọ́ “tà” kékeré kan, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tí wọ́n kọ SHIFT LOCK sí, ìdérí kékeré sì máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta di táyà, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tàbí súkúrúdíráfà tẹ inú ihò náà, kí ẹ sì fa jíà sí N. Ọ̀nà àbáyọ ọjọ́ kan ni o, kì í ṣe àtúnṣe.

Pẹ́dà náà ní èdè tirẹ̀. Bí ó bá rọ̀ bí tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ lè ti wọ inú ọ̀nà òróró bíréèkì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìdúró tó sì ń rì díẹ̀díẹ̀, òróró ń jò níbìkan, nínú tàbí níta. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìrìn-àjò. Bí ó bá le bí òkúta, ẹ pa ọkọ̀, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí yóò fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì tan ọkọ̀. Ó yẹ kí ó rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rì, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì ti ń ṣàárẹ̀, tàbí kí rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ síbẹ̀ ti la.

Obìnrin tó pọnmọ

Nígbà tí iná ẹ̀yìn kú tán, Le Vieux ní kí bàbá àwọn ìbejì tẹ bíréèkì kó sì tún fi í sílẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wò ó. Ó wá sọ̀rọ̀ kan, Màmá kò sì tètè túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ní iná pupa yẹn ni ohùn yín. Àwọn tó wà lórí alùpùpù kò gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ nínú gíláàsì. Bí ó bá ń tàn ní gbogbo ìgbà, bákan náà ni pé ẹ kò sọ nǹkankan.”

Gbogbo wa dákẹ́. Gbogbo wa ló ń rántí Rond-point des Nations Unies. Obìnrin yẹn ti ń tẹ̀lé wa, ó ń rí iná pupa tí kò kú. Nígbà tí a tẹ bíréèkì lóòótọ́, kò sí ohun tó yí padà lójú rẹ̀. Àwa ni a kò sọ̀rọ̀. Òun ni a bá wí. Òun ló sì bẹ̀ wá.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, a wakọ̀ padà síbẹ̀. A kò mọ ohun tí à ń wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún alùpùpù ló kọjá, obìnrin tó pọnmọ kò níye nínú wọn. Ìyá àwọn ìbejì ní kí a máa lọ. Ní ìdájí Àbámẹ́ta, a dágbére fún Màmá, a kí ọlọ́dẹ, a ní “Barka,” a sì kọrí sí Koupéla.

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kan kì í kúrò nílé wa láàárọ̀ kí ẹnìkan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìbejì ló ń pín in ṣe. Ọ̀kan á kígbe pé, “Ó tàn!” Ẹni tó wà níwájú á gbé ẹsẹ̀. “Ó kú!” Kò gba ìṣẹ́jú kan. Bí àlejò bá béèrè ìdí, a máa ń sọ ìtàn bátìrì àti bisikíìtì Táyé, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a máa ń sọ ti obìnrin náà, nítorí a kò rí i sọ ọ́ fún un.